Iṣẹ́ àṣetiléwá: ìkànnì ara ẹni, láìsí kọ̀ǹpútà nílé

Ọmọ Amọ̀kòkò, Ìṣàn-Èkìtì · ọjọ́ Àìkú, aago 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. SS2 ni mo wà, ọmọ ọdún 16 sì ni mí. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan lọ́sẹ̀ tí ó kọjá: kí olúkúlùkù kọ́ ìkànnì ara rẹ̀, kí ojú ìwé rẹ̀ má dín sí mẹ́ta, kí a sì gbé e wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dúró níwájú kíláàsì láti ṣàlàyé bí ó ṣe ṣe tirẹ̀, máàkì 40 ni ó sì wà nídìí rẹ̀.

Kò sí kọ̀ǹpútà nílé wa. Mẹ́sàn-án péré ni èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú wọn, a kì í sì í rí wọn lò bí kò bá sí iná. Fóònù Android kékeré kan ni mo ní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń kó owó fún ọkùnrin kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. ₦5,000 ni ó ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, yóò kàn pààrọ̀ orúkọ àti fọ́tò lórí ìkànnì kan tí ó ti ṣe sílẹ̀ ni. Màmá mi kò ní iye yẹn lọ́wọ́. Bí ó bá tilẹ̀ ní in, n kò fẹ́ dúró níwájú kíláàsì kí n máa ṣàlàyé ohun tí n kò ṣe.

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ fúnra mi lórí fóònù. Orúkọ mi jáde, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ tí ó wà nínú rẹ̀ di áº¹, n kò sì mọ ibi tí àwọn àmì yìí ti wá. Ohun kejì tí ó ń dà mí láàmú ni pé n kò mọ ohun tí ẹni bíi tèmi lè kọ sórí ìkànnì. N kò gba ẹ̀bùn kankan rí, n kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń lọ, bí mo bá sì dé, n óo ran ìyá ìyá mi lọ́wọ́ nídìí ìkòkò tí ó ń mọ. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Ìkọ̀lé · ọjọ́ Àìkú, aago 9:05 alẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní irú iṣẹ́ yìí, inú mi sì dùn pé o kò tẹ̀lé àwọn tí ń sanwó fún oníṣọ́ọ̀bù yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olùkọ́ nílò láti mọ ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀: "Yí àwọ̀ àkọlé yìí padà kí n rí i."

Orí bébà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mú bébà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ojú ìwé kan, kí o fi pẹ́ńsù ya ibi tí àkọlé yóò wà, ibi tí fọ́tò yóò wà, àti ibi tí ènìyàn yóò tẹ̀ kí ó lè lọ sí ojú ìwé mìíràn. Àwọn ọmọ tí ó fo ìgbésẹ̀ yìí ni mo máa ń rí ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí wọ́n ń pa iṣẹ́ wọn rẹ́, tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí o wá bọ́ sórí kóòdù. HTML ni ó ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́: h1 fún àkọlé ńlá, p fún ìpínrọ̀, img fún àwòrán, a fún líǹkì. CSS ni ó ń sọ bí nǹkan náà yóò ṣe rí: àwọ̀ rẹ̀, bí lẹ́tà rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó, àyè tí yóò wà láàárín rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ìwọ tí o ń jókòó ti ìyá àgbà nídìí amọ̀ yóò tètè mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí pé ìkòkò ni a kọ́kọ́ máa ń mọ kí ó dúró dáadáa, kí a tó fín ọnà sí i lára. Parí HTML ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní dúdú àti funfun, kí o tó fọwọ́ kan CSS rárá. JavaScript, èdè kóòdù tí ń mú kí ojú ìwé máa ṣe nǹkan, kò pọn dandan fún iṣẹ́ yìí. Fi í sílẹ̀.

O kò nílò dátà láti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Fáìlì HTML tí ó wà nínú fóònù rẹ yóò ṣí nínú Chrome láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Acode àti Spck Editor jẹ́ áàpù tí a lè fi kọ kóòdù lórí Android. Ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yín, Notepad ti tó. Bí o bá ń tọ́jú fáìlì nínú Notepad, yan "All files", kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ index.html, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Notepad yóò fi .txt sí i nídìí, Chrome kò sì ní kà á sí ojú ìwé. Ojú ìwé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa jẹ́ index.html, nítorí pé òun ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀, máa ń wá bí ènìyàn bá tẹ àdírẹ́sì ìkànnì láìdárúkọ fáìlì kankan.

Bí olùkọ́ yín bá bèèrè ìtàn, sọ pé Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní 1989.

Agbékalẹ̀, Adó-Èkìtì · ọjọ́ Ajé, aago 6:50 àárọ̀

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Tíṣà, n kò fara mọ́ ọn pé kí ọmọ yìí fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kóòdù jìjàkadì lórí fóònù. Iṣẹ́ kíkọ́ ìkànnì ni mo fi ń jẹun ní Adó níbí. Mo ti ṣe ti ilé ìtura, mo ti ṣe ti ìjọ, mo ti ṣe ti àwọn tí ń ta ohun ìkọ́lé, WordPress, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì, ni mo sì fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Oníbàárà kan kò bi mí rí bóyá ọwọ́ ni mo fi kọ CSS. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni bóyá ó yára ṣí, bóyá ó ṣeé kà, àti bóyá ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò rí ohun tí ó ń wá. Ọ̀fẹ́ ni Google Sites, ibi tí a ti ń kọ́ ìkànnì láìkọ kóòdù, àkáǹtì Gmail nìkan ni ó ń fẹ́, ọmọ tí ó bá jókòó tì í sì lè parí ojú ìwé mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Kí ó fi ọ̀sẹ̀ tí ó kù ronú lórí ohun tí ó fẹ́ kọ, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ní ti lẹ́tà tí ó ń di áº¹, má fi àmì sí i mọ́. Kọ orúkọ rẹ bí a ṣe ń kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, wàhálà yẹn á sì tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ · ọjọ́ Ajé, aago 1:20 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìtẹríba ṣe àtúnṣe kékeré kan sí ọ̀rọ̀ Tíṣà, torí pé èmi náà pàdánù máàkì lórí rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì. Íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ṣáájú Tim Berners-Lee. Òun ni ètò tí ó so kọ̀ǹpútà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí Berners-Lee dábàá ní 1989, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan nítòsí Geneva, ni wẹ́ẹ̀bù, èyí tí í ṣe àwọn ojú ìwé tí líǹkì so pọ̀, tí wọ́n ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ wa. Ìkànnì àkọ́kọ́, info.cern.ch, di ohun tí gbogbo ayé lè wò ní 1991, ó sì ṣeé ṣí títí di òní. Àbúrò, bí o bá ti rí dátà díẹ̀, ṣí i, kí o rí i pé ọ̀rọ̀ àti líǹkì nìkan ni ó wà níbẹ̀. CSS kò tíì sí nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n Agbékalẹ̀, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín fún ẹni tí ó ń ta iṣẹ́ fún oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹ tún ohun tí wọ́n ní kí ọmọ yìí ṣe kà. Wọ́n ní kí ó ṣàlàyé bí ó ṣe ṣe é. Ẹni tí ó lo Google Sites yóò sọ pé òun tẹ ibí, òun fa èyí sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, dátà ni yóò sì máa jẹ. Kóòdù tí Tíṣà ní kí ó kọ, ó lè kọ ọ́ nínú òkùnkùn bí bátìrì bá ti wà nínú fóònù.

Bí o bá parí, GitHub Pages yóò gbé e sórí ayélujára fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń gba ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 13. Ṣí àkáǹtì, kí o ṣí àpótí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní repository, kí o fún un ní orúkọ àkáǹtì rẹ, kí o sì fi .github.io sí i nídìí. Bí o bá ti kó fáìlì rẹ síbẹ̀, orúkọ yẹn náà ni yóò di àdírẹ́sì ìkànnì rẹ. Ó lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó hàn, má ṣe rò pé ó bàjẹ́.

Ibi tí èmi ti jìyà nìyí, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí mo ṣe tèmi, gbogbo fọ́tò ni ó hàn lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi. Mo gbé e sórí GitHub, fọ́tò kan kò hàn. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wá ibi tí mo ti ṣàṣìṣe, mo pa á rẹ́, mo tún un kó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ohun tí ó fà á ni pé orúkọ fáìlì mi jẹ́ Ile.JPG, ṣùgbọ́n ile.jpg ni mo kọ sínú kóòdù. Windows kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré nínú orúkọ fáìlì, GitHub sì ń fi í sí i. Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà kékeré nìkan ni mo ń lò, n kì í fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, n kì í sì í fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì: ikoko-omi.jpg, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi orúkọ fáìlì yìí nìkan ni ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n Agbékalẹ̀ nípa àmì ti bá mi lára mu.

Ohun tí ó fara pẹ́ ẹ tún ni ọ̀nà tí o fi júwe ibi tí àwòrán wà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan kọ gbogbo C:\Users\ títí dé orí fọ́tò sínú kóòdù rẹ̀. Ọjọ́ tí ó gbé e dé iwájú olùkọ́ nínú fláàṣì, kọ̀ǹpútà tibẹ̀ kò ní irú fódà bẹ́ẹ̀, gbogbo ibi tí fọ́tò yẹ kí ó wà sì ṣófo. Kó fọ́tò rẹ sínú fódà kan tí ó ń jẹ́ aworan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ index.html, kí o sì kọ aworan/ikoko-omi.jpg. Ibi yòówù tí o bá gbé fódà náà lọ, yóò ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò · ọjọ́ Ajé, aago 8:30 alẹ́

N kò mọ kóòdù, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ méjì tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà sí tìrẹ, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀ kò tíì sọ fún ọmọ yìí pé gbogbo ayé ni yóò máa wo ohun tí ó bá gbé síbẹ̀. Má kọ nọ́ńbà fóònù rẹ tàbí ti màmá rẹ sí i. Má kọ àdírẹ́sì ilé yín, má kọ ọjọ́ ìbí rẹ, má sì ya fọ́tò tí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ àti bájì rẹ yóò hàn nínú rẹ̀. Orúkọ tí o bá fi ṣí àkáǹtì, má fi ọdún tí wọ́n bí ọ sí i. Jẹ́ kí màmá rẹ rí gbogbo rẹ̀ kí ó tó jáde, kí ó sì mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Àgbà Akọ̀wé, Ìdó-Èkìtì · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:15 àárọ̀

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìwé Yorùbá wò fún àṣìṣe kí wọ́n tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Mo bẹ Agbékalẹ̀ kí ó má ṣe bínú sí mi, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó fún ọmọ yìí pé kí ó yọ àmì kúrò lára orúkọ ara rẹ̀ dùn mí. Bí a bá kọ́ ọmọ pé ibi tí ẹ̀rọ kò bá ti gbọ́ èdè wa, èdè wa ni kí a gé kúrú, ta ni yóò wá bá wa tún ẹ̀rọ náà ṣe? Ẹ tún wo ohun tí ọmọ náà ní lọ́wọ́. Bí ó bá kọ oru lásán sábẹ́ fọ́tò ìkòkò omi, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ pé orù ni, pé kì í ṣe òru?

Àtúnṣe rẹ̀ kò sì le rárá. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ẹ kan ṣoṣo nínú ètò tí wọ́n ń pè ní UTF-8. Bí a kò bá sọ fún Chrome pé UTF-8 ni, yóò ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí o fi rí àmì mẹ́ta, á, º àti ¹, níbi tí lẹ́tà kan yẹ kí ó wà. Nítorí náà, kí ohun àkọ́kọ́ tí yóò wà nínú head (apá òkè kóòdù) ojú ìwé rẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ meta tí ó ní charset="utf-8". Bí o bá tún ń tọ́jú fáìlì náà nínú Notepad, wo ibi tí wọ́n kọ Encoding sí nísàlẹ̀, kí o sì yan UTF-8. Ẹnu àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kò. Bí o bá ṣe ọ̀kan tí o fi èkejì sílẹ̀, o lè tún rí àwọn àmì yẹn. Fi lang="yo" sínú html pẹ̀lú, torí pé yo ni àmì tí gbogbo ayé fi mọ Yorùbá, kí ẹ̀rọ tí ó ń ka ojú ìwé sókè fún afọ́jú lè mọ èdè tí ó ń kà.

Ohun kan tún kù. Ẹ nìkan ní ààyè tirẹ̀ nínú ètò lẹ́tà àgbáyé, é nìkan sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo. Ẹ ni a kọ́kọ́ ń kọ, a sì gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Noto Sans, Noto Serif àti Gentium kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, Gboard ní pátákó Yorùbá.

Agbékalẹ̀, Adó-Èkìtì · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:40 ọ̀sán

Bàbá, mo gba ìbáwí yín, ẹ má bínú. Ohun tí mo ti ń ṣe fún àwọn oníbàárà láti ìgbà pípẹ́ ni mo sọ jáde, n kò rò ó dé ibi tí ẹ rò ó dé. Mo ti lọ fi ìlà charset yẹn wo ìkànnì ìjọ kan tí wọ́n ní kí n yọ àmì lára orin wọn, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ṣùgbọ́n n kò tíì gbà fún Ìyá Ìbejì tán. Ìkànnì ara ẹni tí kò ní ọ̀nà tí a fi lè kàn sí onílé dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Ọmọ yìí lè ṣí ímeèlì tuntun kan fún èyí nìkan, kí ó má jẹ́ èyí tí ó fi ń gba ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti báǹkì màmá rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti ohun tí yóò kọ. Àbúrò, o ní o kò níṣẹ́, o sì sọ fún wa nínú gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e pé o ń ran ìyá ìyá rẹ lọ́wọ́ nídìí ìkòkò. Gbogbo kíláàsì yín ni yóò kọ pé àwọn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù àti orin. Ta ni nínú wọn tí ó lè sọ ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, bí wọ́n ṣe ń gún un, ọjọ́ mélòó ni ìkòkò fi ń gbẹ kí wọ́n tó sun ún, àti ohun tí ó máa ń fa kí ó sán nínú iná? Ìṣàn ni ilé ìkòkò ní Èkìtì. Ẹni tí ó bá ka ojú ìwé yẹn yóò mọ irú ènìyàn tí o jẹ́ ju kí o kọ ìlà mẹ́wàá nípa ìwà rẹ lọ.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:05 ọ̀sán

Bí ó bá jẹ́ ímeèlì ọ̀tọ̀, tí màmá rẹ̀ sì ń bá a ṣí i wò, mo fara mọ́ ọn. Ti fóònù ni n kò ní yí ohùn mi padà lé lórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:30 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì rán mi létí ohun kan. GitHub lè fi ímeèlì tí ènìyàn fi ṣí àkáǹtì hàn nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò, lọ sí Settings, sí ibi tí wọ́n kọ Emails sí, kí o sì yan èyí tí ó ní kí wọ́n fi ímeèlì rẹ pa mọ́, kí o tó gbé fáìlì kankan síbẹ̀.

Ọmọ Amọ̀kòkò, Ìṣàn-Èkìtì · ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aago 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo yín, ẹ sì ṣeun púpọ̀. Mo ti parí HTML ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọ̀kan nípa èmi àti ohun tí mo ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́, ọ̀kan nípa ìkòkò ìyá àgbà, ọ̀kan nípa Èkìtì. áº¹ ti lọ pátápátá. Nígbà tí orúkọ mi jáde pẹ̀lú àmì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wò ó, méjì nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ sanwó fún oníṣọ́ọ̀bù sì ti ń bá mi kọ tiwọn báyìí.

Ìṣòro tí ó kù rèé. Ojú ìwé náà dára lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lórí fóònù, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé màmá mi ní òun kò rí nǹkan kan. Fọ́tò 11 ni mo yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó MB 4. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú fọ́tò Ìkọ́gòsì kan láti orí Google fún ojú ìwé Èkìtì, ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, n kò sì mọ̀ bóyá ó tọ́. Èyí tí ó wúwo jù fún mi ni pé ìyá àgbà ní kí n má gbé ojú òun sórí ayélujára.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ · ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5:00 ìrọ̀lẹ́

Ti lẹ́tà kéékèèké, ìlà kan ni ó sọnù nínú head rẹ: meta tí name rẹ̀ jẹ́ viewport, tí content rẹ̀ sì jẹ́ width=device-width, initial-scale=1. Bí kò bá sí i, fóònù yóò ṣe bí ẹni pé ojú kọ̀ǹpútà ńlá ni òun ní, yóò sì fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó lè gbà á. Nínú CSS, fún img ní max-width: 100%, kí fọ́tò má baà yọ kọjá etí fóònù.

Fọ́tò 11 ní MB 4 jẹ́ MB 44. Rò ó wò pé ẹni tí ó fẹ́ wo ìkòkò ìyá àgbà yóò ná dátà tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó rí i tán. Dín fífẹ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan kù sí píksẹ́lì 1200, kí o sì tọ́jú rẹ̀ bíi JPEG, kí ó má ju KB 200 lọ. Tọ́jú àwọn tí o kọ́kọ́ yà sí ibòmíràn, má pa wọ́n rẹ́.

Tíṣà Ìkọ̀lé · ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:25 alẹ́

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ fún àtúnṣe tí ó ṣe sí ọ̀rọ̀ mi nípa íntánẹ́ẹ̀tì àti wẹ́ẹ̀bù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti tún un ṣe nínú ìwé ìkọ́ni mi.

Ọmọ mi, má mú fọ́tò láti orí Google. Google kọ́ ni ó ni wọ́n, ó kàn ń fi ibi tí wọ́n wà hàn ni. Ẹni tí ó ya fọ́tò ni ó ni ín, òfin Copyright ti 2022 nílẹ̀ wa sì ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Wikimedia Commons ní àwọn fọ́tò tí àwọn tí ó yà wọ́n ti yọ̀ǹda kí a lò, ṣùgbọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ èyí tí o bá mú, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ kí o kọ orúkọ ẹni tí ó yà á àti irú ìyọ̀ǹda tí ó fún ọ. Bí o bá bi mí, n óo ní kí o yọ Ìkọ́gòsì kúrò. Ìṣàn ni o mọ̀, Ìṣàn ni kí o fi hàn wá.

Ní ti ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òfin, má ṣe bẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ya ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí ó kún fún amọ̀, tí ó di ẹnu ìkòkò mú, yóò sọ gbogbo ohun tí o fẹ́ sọ. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá èyí tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí o sì fi fọ́tò náà hàn án kí ó tó jáde. Má sì gbàgbé alt lára img kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ tí yóò ṣàlàyé fọ́tò fún ẹni tí kò ríran tàbí tí fọ́tò náà kò ṣí fún. Má kọ "fọ́tò 1" sí i. Kọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Agbékalẹ̀, Adó-Èkìtì · ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:15 alẹ́

Nígbà tí o bá dé orí CSS, àwọ̀ méjì tó, ẹ̀kẹta ti pọ̀ jù. Àwọ̀ amọ̀ tí a ti sun yóò dára fún àkọlé, kí ọ̀rọ̀ inú ìwé jẹ́ dúdú lórí funfun. Lọ wo ojú ìwé náà nínú oòrùn ọ̀sán. Ohun tí o kò bá lè kà níta, yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Ọmọ Amọ̀kòkò, Ìṣàn-Èkìtì · ọjọ́ Ajé, aago 8:50 alẹ́

Fọ́tò ọwọ́ ti wọlé, ó sì tẹ́ ìyá àgbà lọ́rùn. Màmá mi rí ọ̀rọ̀ kà lórí fóònù wàyí. Àwọn fọ́tò 11 ti di méje, gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì tó MB 1.

Ìyá àgbà ní kí n ka ojú ìwé ìkòkò sókè fún òun. Mo kà á dé ìdajì, ó dá mi dúró. Ó ní ìkòkò tí mo pè ní ìkòkò omi kì í ṣe ti omi, àgbo ni wọ́n ń sè nínú rẹ̀, ó sì sọ orúkọ mẹ́rin tí n kò kọ sí i. Ó ní kí n lọ tún un kọ. Àgbà Akọ̀wé, bí n óo bá fi ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí yín síbí lọ́la, ṣé ẹ lè bá mi wò wọ́n kí n tó gbé e lọ ilé ẹ̀kọ́?

Àgbà Akọ̀wé, Ìdó-Èkìtì · ọjọ́ Ajé, aago 9:30 alẹ́

Fi wọ́n ránṣẹ́, n óo wò wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àmì ohùn nìkan ni n óo bá ọ wò. Orúkọ tí ìyá àgbà bá pe ìkòkò rẹ̀ ni kí o kọ sílẹ̀, bí ó ṣe pè é gan-an, n kò ní yí i padà.